Ẹsẹ̀ Tí Wàá Fi Sábẹ́ Ẹ̀rọ Orin Rẹ

Ìgandò,
Ọ̀sán Sátidé.

Wándé ọmọ mi, Àkànjí,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á lẹ́ẹ̀kíní, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi. Ara mi le, a dúpẹ́; orúnkún nìkan ni kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bá ọ yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun, mo bá ọ yọ̀ fún fúláàtì tí ẹ rí gbà ní Gowon Estate, mo sì tún bá ọ yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Ṣadé ìyàwó rẹ tó ti lóyún. Olúwa á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Ohun tí o béèrè kò ju ìlà mẹ́rin lọ. O ní o ti ra ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, pẹ̀lú sípíkà méjì tó ga dé ìbàdí ènìyàn. Pé òkè ni fúláàtì yín wà. Pé bí Ṣadé bá ti ń rìn kọjá nínú pálọ̀, ńṣe ni abẹ́rẹ́ ń fò lórí àwo. O ní wọ́n fi ẹsẹ̀ oríṣi mẹ́ta hàn ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dọ̀pẹ̀mú, irú èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ẹ̀rọ kí mímì ilẹ̀ má baà dé ara rẹ̀: onírin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, onírọ́bà dúdú, àti onísípíríǹgì. O ní, "Dádì, èwo ni kí n rà? Ẹ̀yin lọ̀gá nídìí ọ̀rọ̀ yìí."

Òótọ́ lo sọ. Láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ìkọ̀tún, mi ò rò pé ẹnì kan wà tó ti fi oríṣiríṣi ẹsẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó mi. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò ní jẹ́ ìlà mẹ́rin. Wá ibì kan jókòó sí. Ìwọ nìkan ni kí o kọ́kọ́ kà á. Tó o bá kà á tán, ìwọ fúnra rẹ á mọ ẹni tó yẹ kó tún gbọ́.

Ọmọdé lo wà nígbà tí mò ń ṣe fọ́ọ̀mánù nílé iṣẹ́ ìhunṣọ n'Ìkejà, nítorí náà o lè má mọ irú ibi tó jẹ́. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tíì inú ife á máa mì. Eyín inú ẹnu á máa mì. Tí mo bá délé, ọwọ́ mi á ṣì máa gbọ̀n nígbà tí màmá rẹ bá gbé abọ́ fún mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ni wákàtí kan tí nǹkan kan ò ní mì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ orin lọ́wọ́ ẹnjiníà ará Íńdíà kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Mo rò pé mo ti ra ìsinmi. Àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé o rántí ilé yẹn ní Dọ̀pẹ̀mú? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, pákó ni ilẹ̀ òkè tí à ń gbé. Màmá Sìkírá, tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún gbogbo àdúgbò, wà nísàlẹ̀ wa gan-an. Tó bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta nìyẹn. Tí kì í bá ṣe òun, ẹsẹ̀ ọmọ ni. Tí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ọmọ, odó ìyá rẹ ni. Mo wá múra ìjà.

Èkínní, má fi ìkánjú ra ẹsẹ̀. Fóòmù ìbùsùn ni èmi kọ́kọ́ gé, mo fi mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, inú mi dùn. Kí oṣù tó parí, ibi tí mọ́tò inú ẹ̀rọ wà ti tẹ fóòmù yẹn pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tó gbé abẹ́rẹ́ wá ń yọ̀ lọ sáàárín àwo fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, fóòmù tó kù le gbagidi. Nítorí náà, mọ bí ẹ̀rọ rẹ ṣe wúwo tó kí o tó ra ohun tó máa gbé e. Ẹsẹ̀ tó bá rọ̀ jù á rì. Èyí tó bá le jù, gbogbo ohun tí ilẹ̀ bá sọ ló máa sọ fún ẹ̀rọ. Tó o bá ti gbé e lé e, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò: kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, kó sì padà sókè jẹ́ẹ́. Bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ kan, gbé e lé orí rẹ̀, kí o wò ó bóyá omi náà dọ́gba yíká. Mo tún gé rọ́bà sílípáàsì tó ti gbó lò rí. Má rẹ́rìn-ín. Ó sàn ju fóòmù lọ, jàre.

Èkejì ni onírin ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi búra pé ẹrù ọba ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo fi sábẹ́ sípíkà méjèèjì, ó lu pákó onílé ní ihò mẹ́jọ, onílé gòkè wá bá mi jà, ó sì tọ̀nà. Kò dá mímì kankan dúró. Ńṣe ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú pákó. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tiyín, ó lè wúlò fún sípíkà, ṣùgbọ́n má fi sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń lu àwo. Má sì gbé ẹ̀rọ àti sípíkà sórí tábìlì kan náà láéláé. Èmi gbé ẹ̀rọ lé sípíkà lórí gan-an ni, màmá rẹ sì fi aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun tẹ́ ẹ kó lè dára lójú àlejò. Tí mo bá yí ohùn sókè, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi màlúù. Odindi oṣù kan ni mo fi ń bá Màmá Sìkírá jà pé ẹ̀rọ ata rẹ̀ ló fà á. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tirẹ̀ bàjẹ́, tí tèmi ṣì ń ké, ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, mẹ́ta ni kí o rà, kì í ṣe mẹ́rin. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Fi méjì sí ìhà tó wúwo, kí o fi ọ̀kan yòókù sí ìhà kejì. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ìgbà gbogbo ni ọ̀kan máa wà tí kò kan ilẹ̀ dáadáa, wàá sì máa fi bébà dí abẹ́ rẹ̀ títí ayé.

Ó yẹ kí n sọ ti onísípíríǹgì báyìí, àmọ́ ọkàn mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Nígbà tí mi ò rí ohun tó gbọ́ràn lábẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ará ilé mi ni mo dojú kọ. Mo ṣòfin. Kí oníkálùkù bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sáré. Kí odó má dún tí mo bá wà nílé. Ìyá rẹ wá ń gún iyán kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, á fi ọ̀rá wé e, á fi aṣọ wé e, síbẹ̀ á ti tutù kí n tó jẹ ẹ́. Tí mo bá tọ́ ọ wò, màá tún bínú pé iyán tutù. Obìnrin yẹn á kàn máa wò mí. Mo rò pé ó gbà pé mo tọ̀nà ni.

Ìwọ lo jìyà rẹ̀ jù, Wándé, o kò sì lè rántí. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ gbé, mò ń gbọ́ orin lọ́wọ́. O gbé ẹsẹ̀ kan, o gbé ìkejì, o ṣubú gbì, abẹ́rẹ́ sì fà kọjá lójú àwo. Ariwo tí mo pa mọ́ ọ lọ́jọ́ náà, bí o bá gbọ́ irú rẹ̀ lónìí, wàá sá. O jókòó. O ò dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, o ń wọ́ kiri lórí ìdí. Ìyá rẹ di aṣọ rẹ, ó pọ̀n ọ́, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Àgbàdo. Mo bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ síbi tí á ti rí ilẹ̀ rìn." Àgbàdo lo ti kọ́ ìrìn, ọmọ mi, kì í ṣe ilé bàbá rẹ. Nígbà tí ẹ padà dé, o ti ń rìn, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, o ti ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ́ rìn bí àwa yòókù. Bẹ́ẹ̀ lo ṣì ń rìn títí di òní. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí pé ọmọ mi jẹ́jẹ́, pé a kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ẹ ṣé o. Kí ni kí n sọ?

N bá fi gbogbo èyí sínú ara mi, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Àmọ́ Ṣadé yà sọ́dọ̀ mi lóṣù tó kọjá. Ó ń bọ̀ láti ọjà Ìkọ̀tún, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wá fún mi. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e dání, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá lára tábìlì mi pẹ̀lú oyún nínú. Ìwọ náà mọ yàrá mi. Kò sí ẹ̀rọ orin kankan níbẹ̀, kò sí ju rédíò kékeré lọ, òun náà ò sì dún lọ́jọ́ yẹn. Mo bi í pé, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Rárá sà. Ó ti mọ́ mi lára ni. Ọmọ yín kì í fẹ́ kí ilẹ̀ mì."

Lẹ́yìn tó lọ tán, mi ò lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Ohun tí mo rò pé ó ti kú pẹ̀lú ilé Dọ̀pẹ̀mú, àṣé o ti gbé e dání lọ sílé tìrẹ, o sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń wá bí màá ṣe bá ọ sọ ọ́ ni lẹ́tà rẹ fi dé.

Wándé, fara balẹ̀ wàyí. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan.

O ti wà ní pólì nígbà náà, Bọ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ sílé ọkọ n'Ìbàdàn. Mo ti fẹ̀yìn tì, ó ku èmi àti ìyá rẹ. Nítorí pé mi ò níṣẹ́ mọ́, mo fi gbogbo ọjọ́ wá ẹsẹ̀ fún ẹ̀rọ, mo sì rí i níkẹyìn. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Akówọnjọ, mo ra síìtì ẹ́ńjìn mẹ́ta, àwọn rọ́bà tí wọ́n ń fi gbé ẹ́ńjìn kó má baà gbọn ọkọ̀. Mo gbé pákó lé wọn. Mo fi tíúbù táyà sórí pákó, mo fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i. Mo da sìmẹ́ǹtì pẹlẹbẹ kan, mo gbé e lé tíúbù, mo wá gbé ẹ̀rọ lé sìmẹ́ǹtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kan ìṣó. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo fi àwo sí i, mo fò sókè láàárín pálọ̀, èmi àgbàlagbà, mo bọ́ sílẹ̀ gbàmù. Abẹ́rẹ́ ò mira.

Mo pe ìyá rẹ. Mo ní, Màmá Bọ́sẹ̀, wá fò kí o wò ó. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lásìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n kó lè tẹ́ mi lọ́rùn, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó wá wojú mi. Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé mo lè máa rìn nínú ilé wàyí?"

Mo ní kó máa rìn bó ṣe wù ú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi rìn.

Sọ́ńdè ni. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó wọ ilé ìdáná lọ, lọ́hùn-ún lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi àwo orin ìyìn sí ẹ̀rọ, mo yí ohùn rẹ̀ sókè, mo fẹ̀yìn ti àga. Láàárín orin kejì, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó mì dáadáa. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ á ti fò, inú á bí mi, màá ti pariwo pé ta nìyẹn, màá ti dìde lọ síbẹ̀ láti lọ jà. Lọ́jọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ ni mo wò. Kò mira. Wándé, mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi dára. Mo gbọ́ ojú kìíní tán, mo yí i padà, mo gbọ́ ojú kejì tán, mo tún fi àwo mìíràn sí i. Ìgbà tí ebi pa mí ni mo pè é. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Mo wá dìde.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló ṣubú. Mo ní mi ò sí nílé, mo ní mo dúró ṣèpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ náà ti jáde kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ pa á, mi ò sì lè mú un padà mọ́. Òun kan náà ni mo pa fún ìwọ àti Bọ́sẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀, ó sì kú. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń bá wa kẹ́dùn, Màmá Sìkírá jókòó sórí ẹní, ó ń sunkún, ó ní òun gbọ́ gbì lókè, lẹ́yìn náà òun ń gbọ́ kò, kò, kò lórí pákó, ó sì pẹ́ kó tó dá. Ó ní, "Mo ṣe bí Bàbá ló tún ń kan ìṣó nídìí ẹ̀rọ wọn." Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú. O wojú mi. Mo ní bóyá ilé kejì ni ohun tí wọ́n gbọ́ ti dún. O gbà mí gbọ́.

Ìyá rẹ ló ń kan ilẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ kan tó kù fún un ló fi ń pè mí. Èmi sì ti ná ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti rí i pé bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀ nínú ilé wa, mi ò ní mọ̀.

Mo kó ẹ̀rọ náà fún olùkọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn kólẹ̀kólẹ̀. Mo kó wá sí Ìgandò, sí yàrá ìsàlẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Mi ò gbọ́ orin mọ́. Ẹ̀yin rò pé ọ̀fọ̀ ló fà á.

Nítorí náà, èwo ni kí o rà? Ra onírọ́bà dúdú, mẹ́ta, èyí tó le ju bí o ṣe fẹ́ lọ díẹ̀. Kò ní dá gbogbo mímì dúró. Tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ dáadáa, abẹ́rẹ́ á ṣì fò. Jẹ́ kó máa fò. Tó bá ti fò, má pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Gbé apá rẹ̀ sókè, dìde, kí o lọ wo ẹni tó wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ. Àwo á lápàá, mo mọ̀. Wọ́n ń ta òmíràn. Kí Ṣadé wọ bàtà tó bá wù ú. Kó gún iyán lásìkò tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ìwọ náà sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Kí ọmọ tó ń bọ̀ yìí kọ́ ìrìn nílé bàbá rẹ̀, kó ṣubú níbẹ̀, kó sunkún níbẹ̀, kí o gbé e dìde.

Bọ́sẹ̀ ò tíì mọ̀. Màá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojúkojú ni màá sọ fún un, nítorí òun ló pa ojú ìyá rẹ̀ dé. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún torí pé ọ̀rọ̀ tìrẹ kò ṣeé fi falẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè pẹ́ kí o tó tún fẹ́ rí mi. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ nínú lẹ́tà. Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ kò sí láyé mọ́, gbogbo ọdún tó sì fi wà láyé, mi ò bẹ̀ ẹ́ rí.

Bínú sí mi tó bí o ṣe fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀, fi lẹ́tà yìí sílẹ̀. Ṣadé wà níbì kan nínú ilé yẹn. Lọ wò ó.

Èmi ni,
Bàbá yín.